Ẹ fi ayò chess dán bátìrì wò kẹ́ ẹ tó ra fóònù ìṣòwò

Ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń tajà nílùú Adó-Èkìtì, ì báà jẹ́ ní Fájuyì, ní Ìjìgbò tàbí lágbègbè Ọjà Ọba. Ká sọ pé aago méjì ọ̀sán ti kọjá. Oníbàárà kan ra ọjà ₦20,000, ó sì ní òun ti fi owó náà ránṣẹ́ sínú àkáǹtì. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù mú fóònù rẹ̀ kó lè wò ó bóyá álááàtì ti wọlé, àfi bó ṣe rí i pé ojú fóònù ti ṣókùnkùn. Bátìrì ti kú, iná ò sí, epo inú jẹnẹrétọ̀ sì ti tán láti àná. Bó bá jẹ́ kí oníbàárà gbé ọjà lọ, owó lè má wọlé. Bó bá ní kó dúró, oníbàárà lè bínú lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, kó má sì padà wá mọ́.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ bátìrì kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tó ń ṣe géèmù nìkan mọ́. Fóònù ni báńkì oníṣòwò lónìí, òun ni ìwé tó ń kọ gbèsè sí, òun náà ni pátákó tó fi ń polówó ọjà lórí WhatsApp. Bó bá kú lọ́sàn-án gangan, ṣe ló dà bí ìgbà téèyàn ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ọjà ń yá lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ fóònù tí bátìrì rẹ̀ máa pẹ́, kó tó náwó lé e lórí? Nọ́ńbà ara páálí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń wò: 4,000 mAh, 5,000 mAh, 6,000 mAh. Èyí tó bá pọ̀ jù la máa ń mú. Ohun tá a fẹ́ ṣàlàyé lónìí ni pé nọ́ńbà yẹn kò sọ ju ìdajì ọ̀rọ̀ lọ. Ohun kan wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí kì í jẹ dátà, tó lè bá wa sọ ìdajì tó kù. Ohun náà ni áàpù tó ń ta ayò chess.

Kí ló pa chess pọ̀ mọ́ bátìrì?

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa ló ti mọ chess, ayò tí ẹni méjì ń ta lórí pátákó tó ní ojúlé 64. Òkìkí rẹ̀ tún pọ̀ sí i láti oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí Túndé Onakoya, ẹni tó dá ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa sílẹ̀ lọ́dún 2018, fi wákàtí 60 ta á ní Times Square, nílùú New York. Kò dìgbà téèyàn bá ní pátákó kó tó ta á. Áàpù wà tó ń bá èèyàn ta á lórí fóònù. Ọ̀kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́ nínú wọn ni DroidFish, tó wà fún fóònù Android. Stockfish ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó mọ chess ta jù lọ láyé.

Ìdí tá a fi mú chess nínú gbogbo áàpù ni pé àwọn tó kù máa ń lo nǹkan púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fídíò ń lo ojú fóònù, ó ń lo dátà, ó sì ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò yín kò bá dára, fóònù á máa fi agbára wá a kiri, bátìrì á sì máa lọ sílẹ̀. Ẹ ò wá ní í mọ̀ bóyá bátìrì ló burú ni àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Chess kò ní wàhálà yẹn. Kò nílò síìmù, kò nílò dátà. Ìrònú nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, inú ọpọlọ fóònù, ìyẹn ohun táwọn tó ń tún fóònù ṣe ń pè ní processor, ni gbogbo ìrònú náà sì ti ń wáyé. Ẹ lè gbé ojú ayò kan náà síwájú fóònù méjì, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n máa rò ó fún iye ìṣẹ́jú kan náà. Èyí tí bátìrì rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù nínú méjèèjì, ẹ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn, kò dọwọ́ ẹnu dídùn olùtajà.

Kéègì ńlá, ẹ̀rọ ọ̀jẹun

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. mAh ni òṣùwọ̀n ohun tí bátìrì lè gbà sínú, bí ìgbà tá a bá ní kéègì yìí ń gba lítà márùn-ún. Kéègì ńlá dára, ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ tó ń mu epo inú rẹ̀ bá jẹ́ ọ̀jẹun, kéègì á tètè gbẹ.

Ká fi àpẹẹrẹ gbé e yẹ̀ wò. Fóònù kìíní ní bátìrì 5,000 mAh, ìkejì ní 4,000 mAh. A ní káwọn méjèèjì ro ayò fún wákàtí kan. Nígbà tí wákàtí pé, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún (10%) ló ti lọ lára fóònù kọ̀ọ̀kan. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé fóònù kìíní ti jẹ 500 mAh, ìkejì sì jẹ 400 mAh péré. Tí wọ́n bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, wákàtí mẹ́wàá làwọn méjèèjì máa lò kí wọ́n tó kú. Ẹni tó fi owó kún owó torí kó lè ra 5,000 kò jèrè ìṣẹ́jú kan.

Kí ló ń fa irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ọpọlọ fóònù ni. Bí ọpọlọ fóònù bá fẹ́ sáré sí i, ó máa ń nílò fóltéèjì tó ga sí i, agbára tó ń jẹ á sì pọ̀ ju eré tó fi kún un lọ. Awakọ̀ tó ń sáré àsápajúdé láti Adó lọ sí Ìkẹ́rẹ́ mọ ohun tá à ń sọ: ó máa tètè débẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo tó máa jó yóò ju ti ẹni tó rọra ń wa ọkọ̀ tirẹ̀ lọ.

Àwọn tó ti rí i ṣáájú wa

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun lágbo àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ àmúlọ́wọ́. Lọ́dún 1989, iléeṣẹ́ Nintendo ilẹ̀ Japan gbé ẹ̀rọ géèmù kan jáde, Game Boy lorúkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò sì ní iná, ṣùgbọ́n bátìrì AA mẹ́rin máa ń gbé e tó nǹkan bíi wákàtí 15. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iléeṣẹ́ Sega gbé Game Gear tirẹ̀ dé. Àwọ̀ mèremère wà lójú rẹ̀, àmọ́ bátìrì mẹ́fà ló ń lò, wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún ló sì fi ń jẹ wọ́n tán. Ẹni tó bá fẹ́ ta chess nínú ọkọ̀ láti ìlú kan sí ìkejì mọ èyí tó yẹ kóun mú lọ. Game Boy àti àbúrò rẹ̀ tó ní àwọ̀ tà ju mílíọ̀nù 118 lọ kárí ayé. Game Gear kò ju mílíọ̀nù mẹ́wàá àti díẹ̀. Bátìrì nìkan kọ́ ló fà á, ṣùgbọ́n ó wà lára rẹ̀.

Àwa náà rí irú rẹ̀ nílé níbí. Lọ́dún 2001 ni fóònù GSM dé Nàìjíríà. Nígbà tí Nokia 1100 jáde lọ́dún 2003, bátìrì rẹ̀ kò ju 850 mAh, síbẹ̀ Nokia ní ó lè tó wákàtí 400 lórí ìdúró, ìyẹn téèyàn ò bá fi pe ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣe kéré, ojú rẹ̀ kéré, iná tọ́ọ̀ṣì sì wà lórí rẹ̀. Ó tà ju mílíọ̀nù 250 lọ. Èyí tó ní 5,000 mAh lónìí fi nǹkan bíi ìlọ́po mẹ́fà jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn kì í tó ọjọ́ méjì.

Èyí tó yẹ kó ya oníṣòwò lẹ́nu jù ṣẹlẹ̀ nílùú Buenos Aires, ní Argentina, lóṣù kẹjọ ọdún 2009. Wọ́n gbé fóònù kan wá síbi ìdíje chess tí wọ́n ń pè ní Copa Mercosur. HTC Touch HD ni fóònù náà, bátìrì rẹ̀ jẹ́ 1,350 mAh, ètò tó wà lórí rẹ̀ sì ń jẹ́ Pocket Fritz 4. Ìpàdé mẹ́wàá ló ta, ó borí nínú mẹ́sàn-án, ó sì ta ọ̀mì nínú ẹyọ kan. Lọ́dún 1997 tí kọ̀ǹpútà Deep Blue ti iléeṣẹ́ IBM borí Garry Kasparov, tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá nídìí chess láyé, nǹkan bíi 200 mílíọ̀nù ojú ayò ló ń gbé yẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti fóònù yìí kò tó 20,000. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ ni pé ó mọ ohun tí kò yẹ kóun fi àkókò rò. Ẹ̀rọ tó ń ṣe wàhálà jù kọ́ ló mọ iṣẹ́ jù.

Ìrònú tẹ́ ẹ ò rán an

Ohun kan tún wà nínú áàpù chess tó yẹ kí gbogbo oníṣòwò mọ̀. Pondering ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá tàn án, nígbà tó bá kan yín láti ta, tẹ́ ẹ ṣì ń ronú, fóònù kò ní í sinmi. Á máa rò ohun tẹ́ ẹ lè ṣe àti ohun tóun máa fi dá yín lóhùn. Ẹ lè gbé fóònù sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ dá oníbàárà lóhùn, ìrònú ṣì ń lọ, bátìrì sì ń lọ pẹ̀lú. Bẹ́ ẹ bá pa á, fóònù á dákẹ́ títí ẹ ó fi ta ayò yín.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí fóònù ọ̀pọ̀ oníṣòwò gan-an nìyẹn, bí wọn ò tiẹ̀ ta chess rí láyé wọn. Hotspot tí wọ́n tàn fún ọmọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án. Location wà ní títàn látọjọ́ tí wọ́n ti pe takisí kan. Fídíò inú gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp tí wọ́n wà ń wọlé fúnra rẹ̀. Bluetooth ń wá ohun tí kò sí nítòsí. Ẹnì kan kò rán fóònù ní gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí lọ́sàn-án yẹn, òun ló ń bá ara rẹ̀ ṣe é. Ẹni tó bá lọ sí ibi ètò bátìrì nínú Settings máa rí orúkọ àwọn áàpù tó ń jẹ iná jù, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ ẹ tó ra fóònù mìíràn, ẹ kọ́kọ́ pa àwọn ìrònú tẹ́ ẹ ò rán eléyìí tó wà lọ́wọ́ yín.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò

Tó bá wá di dandan láti ra òmíràn, pàápàá tòkúnbọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò, ẹ̀yí ni bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é.

Àkọ́kọ́, ẹ gba áàpù chess náà sórí fóònù tiyín látilé, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ láti orí tiyín sórí èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà, kó má di pé ẹ ń tẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà yín sórí fóònù tí kò tíì di tiyín.

Ìkejì, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí ṣájà, kẹ́ ẹ fi sí ipò ọkọ̀ òfuurufú, ìyẹn airplane mode, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má bàa da ìṣirò yín rú. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù wà ní ìdajì, kẹ́ ẹ sì ṣe é kó má lè pa ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ fóònù méjì lẹ fẹ́ fi wéra, ohun kan náà ni kẹ́ ẹ ṣe sí méjèèjì.

Ìkẹta, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti 100%. Ọ̀pọ̀ fóònù ló máa ń pẹ́ lórí 100% kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òótọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 80%.

Ìkẹrin, ẹ fi áàpù sí Analysis Mode, ipò tó ti máa ń ro ojú ayò kan láìdúró. Nínú ètò rẹ̀, ẹ fi iye Threads sí 4 lórí méjèèjì. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Nígbà tí àkókò bá pé, ẹ wo nǹkan mẹ́ta. Ẹ wo iye tó lọ. Bó bá jẹ́ 5% ló lọ nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wákàtí mẹ́wàá ló lè fi ṣe irú iṣẹ́ líle bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ 15%, kò ju wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú lọ. Èyí kọ́ ni iye wákàtí tẹ́ ẹ máa lò lójoojúmọ́, torí iṣẹ́ ọjà kì í le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kẹ́ ẹ mọ èyí tó dára ju èkejì lọ. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó gbóná kọjá ààlà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo nọ́ńbà tí áàpù ń kọ sójú rẹ̀, iye ojú ayò tó ń rò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fóònù tó yára máa ń rò púpọ̀ sí i láàárín àkókò kan náà, ó yẹ kẹ́ ẹ fi ìyẹn kún ìdájọ́ yín. Bí nọ́ńbà náà bá ń já wálẹ̀ bí fóònù ṣe ń gbóná, kò ní í lè gba iṣẹ́ líle pẹ́ nínú ooru ọ̀sán.

Àmì kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Bí bátìrì bá wà ní 60%, tó kàn já sí 45% lójijì, tàbí tí fóònù kú nígbà tó ṣì ń sọ pé 30% ló kù, bátìrì náà ti gbó. Bátìrì tó ti gbó lè gbé fóònù tó sinmi, ṣùgbọ́n kò lè fún un ní agbára ńlá lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan yìí gan-an ló dá ọ̀ràn sílẹ̀ fún Apple. Lóṣù kejìlá ọdún 2017, iléeṣẹ́ náà jẹ́wọ́ pé òun ti ń dín eré àwọn iPhone tí bátìrì wọn ti gbó kù, kí wọ́n má bàa máa kú lójijì. Lọ́dún 2020, ó gbà láti san owó tó lè tó 500 mílíọ̀nù dọ́là kí ẹjọ́ tí wọ́n pè é lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lè parí.

Ẹ má sì gbàgbé pé ọjọ́ orí wà fún bátìrì. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílẹ̀ Yúróòpù lóṣù kẹfà ọdún 2025 ní bátìrì fóònù tuntun gbọ́dọ̀ lè gba ṣáàjì ẹ̀kún ìgbà 800, kó sì ṣì ní 80% agbára rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣáàjì lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ máa dé 800 láàárín ọdún méjì àti oṣù méjì. Tòkúnbọ̀ tí wọ́n ti lò fún ọdún mẹ́ta ti kọjá ẹgbẹ̀rún nìyẹn. Bí olùtajà bá ní òun ò lè gbà kẹ́ ẹ fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú dán an wò, ìdáhùn yín ti wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Pawabáǹkì àti owó ṣáàjì

Ẹni tó bá rí i pé bátìrì òun kò lè gbé òun dé alẹ́ máa ń sá lọ ra pawabáǹkì. Níbẹ̀ náà, nọ́ńbà lè tan èèyàn. Pawabáǹkì 10,000 mAh kò lè ṣáàjì fóònù 5,000 mAh lẹ́ẹ̀mejì. Fóltéèjì 3.7 tó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ka nọ́ńbà yẹn, bẹ́ẹ̀ fóltéèjì 5 ló fi ń jáde sínú okùn, apá kan á sì ṣòfò di ooru lójú ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kan àti ààbọ̀ ni kẹ́ ẹ máa retí. Ẹ tún gbé e sọ́wọ́ wò. Ohun tó wà nínú èyí tó bá jẹ́ 20,000 mAh lóòótọ́ wúwo, ó máa ń ju 300 gíráàmù lọ. Èyí tó bá fúyẹ́ bí ìwé, tí wọ́n wá kọ 50,000 sí lára, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ní ti owó iná, òun ló kéré jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó máa ń gba nǹkan bíi 25 Wh láti kún fóònù 5,000 mAh, tá a bá ka ohun tó ń ṣòfò mọ́ ọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kílówáàtì kan fún wákàtí kan lè kún fóònù 40. Ní ₦225 tí àjọ NERC fi lé kílówáàtì kan fún àwọn tó wà ní Band A lóṣù kẹrin ọdún 2024, fóònù kan kò jẹ tó ₦6. Ẹni tó bá tan jẹnẹrétọ̀ torí fóònù ẹyọ kan ló ń fowó ṣòfò, nítorí ẹ́ńjìnnì á jó epo bóyá fóònù kan ló ń gbé tàbí ogún. Bí iná bá dé lóru, ẹ lò ó. Bó bá sì di ọ̀ranyàn láti tan jẹnẹrétọ̀, ẹ kó fóònù, pawabáǹkì àti ẹ̀rọ POS jọ, kẹ́ ẹ ṣáàjì gbogbo wọn pa pọ̀.

Àwọn àgbà ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Oníṣòwò tó bá ń wá bátìrì tó máa pẹ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí páálí nìkan sọ̀rọ̀. Kó gbé iṣẹ́ líle fún fóònù náà lójú ẹni tó ń tà á, kó sì fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú dúró tì í. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn ló lè jẹ́ kó rí álááàtì ₦20,000 rẹ̀ wò, nígbà tí oníbàárà bá dúró síwájú rẹ̀ láago méjì ọ̀sán.